Kóòdù P0135 lára Corolla 2003: mo ti pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn lẹ́ẹ̀mejì, iná ò kú

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó tán lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ láì fi nǹkan kan pamọ́, torí n kò mọ èwo ló máa wúlò fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Toyota Corolla 2003 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1.8, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ni mí n'Ísẹ́yìn, Ìbàdàn sì ni ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ bá wọn, mo á padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ yìí ò já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn rí, kódà nígbà tí ọ̀nà náà ṣì burú.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni iná check engine tàn. Ọkọ̀ ò gbọ̀n, ò pàdánù agbára, iná yẹn ṣáà ń wò mí lójú ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan níbí. Ó fi síkánà wò ó, ó ní P0135 ni, ó ní sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn iwájú, èyí tó ń yẹ èéfín ẹ́ńjìnnì wò, ti kú. Kò wọn nǹkankan. Ó gba ₦18,000, ó lọ ra tòkunbọ̀ sẹ́nsọ̀ wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò bá ti ọkọ̀ mi mu, ló bá gé ti sẹ́nsọ̀ àtijọ́, ó lọ́ wáyà rẹ̀ mọ́ ti tòkunbọ̀, ó fi téépù dúdú wé e. Ó pa kóòdù rẹ́, mo sì dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó rí òde Mọ́níyà, iná ti tàn padà. Kóòdù kan náà ni.

Mo gbé e dé Gate n'Ìbàdàn. Ẹni tibẹ̀ ní tòkunbọ̀ ló fà á, àfi kí n ra tuntun. Tuntun náà gba ₦32,000, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wọlé geere. Ọjọ́ méjì ni iná fi kú. Ó tún ti tàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kẹta wò ó, ó ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́, ₦90,000. Ẹnì kan tó jókòó níbẹ̀ ní òun mọ ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà pa iná yẹn kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pátápátá, pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ sẹ́nsọ̀.

Ohun mìíràn tí mo kíyè sí: táńkì kíkún, 50 lítà, máa ń gbé mi lọ Ìbàdàn kó sì gbé mi bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìdá kan nínú mẹ́rin á ṣì kù. Ní báyìí, tí mo bá fi máa parí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gèéjì ti sún mọ́ ìlà pupa. Mo ti pààrọ̀ fítà afẹ́fẹ́, pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tuntun. Batìrì dáa. Lọ́dún tó kọjá eku wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jẹ wáyà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ìyẹn ṣe. Sẹ́nsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá ṣì wà nílé, n kò jù ú nù.

₦90,000 yẹn ju agbára mi lọ lóṣù yìí. Ṣé brain box ni lóòótọ́?

Dérébà_Agége

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó o. Ó ti ṣe mí rí. Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun l'Ékòó, Corolla náà ni tèmi, P0135 náà ló gbé jáde. Ohun tó gbà mí ni ojúlówó sẹ́nsọ̀ ilé-iṣẹ́ Denso. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà ju òjò lọ, páálí rẹ̀ á mọ́ rekete, orúkọ á wà lára rẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú ò ní lo oṣù kan. Mo ra méjì irú ẹ̀ kí n tó gbọ́n.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ padà sí Gate, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó, kí ẹ sì wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ dáadáa. Brain box kọ́. Brain box Corolla kì í déédéé bàjẹ́.

Ìyá_Réwáyà

Olùkọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Gbólóhùn kan tí ẹ sọ kọjá bí ohun tí kò ṣe pàtàkì ni mo fẹ́ dì mú: eku.

Réwáyà ni mí l'Óṣogbo. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, láyé Datsun àti Peugeot 504 ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí síkánà nígbà náà. Bọ́ọ̀bù bíréèkì kan tó so wáyà méjì mọ́ ló fi ń wá àìsàn ọkọ̀. Bọ́ọ̀bù náà ti jó láìmọye ìgbà, a ti pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ wáyà méjèèjì tó fi ọwọ́ rẹ̀ so ṣì wà nínú àpótí mi. Mo ní síkánà tó lówó lórí, mo sì ń lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n fún irú ìṣòro yín yìí, bọ́ọ̀bù yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mú.

P0135 kò sọ pé sẹ́nsọ̀ kú. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí iye owó tí àwọn ènìyàn ń ná nítorí pé ẹnì kan ka kóòdù bí ẹni ka orúkọ páàtì. Ohun tí kóòdù yẹn ń sọ ni pé iná tó yẹ kó máa gba inú hítà sẹ́nsọ̀ iwájú kọjá kò gba ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni pé inú sẹ́nsọ̀ ni hítà wà. Àmọ́ batìrì ni iná yẹn ti ń bọ̀. Ó gba fíúsì, ó gba rílé (suìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀), ó gba wáyà gígùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wọ hítà, ó jáde níbẹ̀, ó gba wáyà mìíràn lọ sí brain box, ibẹ̀ ló ti ń rí áàsì. Ibikíbi tí ọ̀nà bá ti dí fún un, kóòdù kan náà ló máa jáde. Tí omi ò bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nílé yín, ṣé ẹnu ẹ̀rọ lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ẹ ó bi mí pé kí ni sẹ́nsọ̀ ń fi hítà ṣe nígbà tó jẹ́ pé inú èéfín gbígbóná ló wà. Amọ̀ tí wọ́n fi zirconia ṣe ló wà lórí rẹ̀, amọ̀ yẹn ò sì lè sọ ohun tó rí àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius. Èéfín nìkan á pẹ́ kó tó mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀, lójú gó-sìlóò ó tún lè tutù padà. Hítà ló ń jẹ́ kó tètè jí, kó má sì sùn padà. Kó tó jí, brain box ò mọ ohun tó ń lọ nínú èéfín, ó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láì tọ́ ọ wò. Díẹ̀ lára epo yín bá ibẹ̀ lọ.

Ìdí tí iná fi kú lọ́jọ́ kan, ọjọ́ méjì, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ sì rèé, òun ló tan gbogbo yín jẹ: síkánà ló pa á, kì í ṣe sẹ́nsọ̀ tuntun. Lórí Toyota yín, brain box máa ń dúró kó rí àìdáa yìí ní ìrìn méjì tó tẹ̀lé ara wọn kó tó tan iná. Ìrìn àkọ́kọ́ yín dára lójú lásán ni.

Ẹ wá mítà, kékeré tó wà lọ́jà ti tó. Àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́nsọ̀ iwájú. Wáyà mẹ́rin ló jáde lára sẹ́nsọ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ Denso, dúdú méjì ni hítà, búlúù ló ń gbé ìròyìn lọ, funfun ni áàsì ìròyìn. Tó bá jẹ́ irú tí wáyà rẹ̀ jẹ́ funfun méjì, dúdú kan, eérú kan, funfun méjèèjì ni hítà. Ohun tí ẹ máa fi sọ́kàn ni pé méjì tí àwọ̀ wọn bára mu ni hítà. Ẹ yí mítà sí ọ́ọ̀mù, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan méjèèjì. Lórí irú sẹ́nsọ̀ tó wà lára Corolla yín, 11 sí 16 ọ́ọ̀mù ló yẹ kó wà nígbà tó tutù. Tí mítà ò bá ka ohunkóhun, hítà ti já, mẹkáníìkì yín sì jàre. Ẹ wọn ti àtijọ́ tó wà nílé náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi mítà kan ẹnu wáyà tí wọ́n gé ni. (Ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: àwọn Toyota kan ń lo irú sẹ́nsọ̀ mìíràn níwájú, hítà tiwọn kéré gan-an, ọ́ọ̀mù kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ má fi ìwọ̀n yìí dá a lẹ́bi.)

Lẹ́yìn náà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ẹ fi mítà wá fólítì lójú ìhà sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ọkọ̀. Ihò kan máa fi nǹkan bí 12 hàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé "iná wà" tí wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má kúrò. Mítà kì í jẹ iná. Wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, tó ti dípẹtà, á fi 12 han mítà láìṣojo. Hítà ní tirẹ̀ ń jẹ iná: ẹ fi 12 pín sí 13, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpíà kan. Nítorí náà ẹ mú bọ́ọ̀bù bíréèkì 21 wáàtì, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, ẹ fi ọ̀kan sínú ihò tó ní 12 yẹn, ẹ fi èkejì kan odì batìrì. Bọ́ọ̀bù yìí ń jẹ tó ìlọ́po méjì ohun tí hítà ń jẹ. Tó bá tàn yòò, ọ̀nà iná ṣí. Tó bá tàn bí iná tanátaná, tàbí tí kò tàn rárá, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Mo bẹ̀ yín, ihò yẹn nìkan ni ẹ fi bọ́ọ̀bù kàn. Àwọn mẹ́ta yòókù lọ tààrà sínú brain box, ẹ lè jó ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Tí bọ́ọ̀bù bá kọ̀, ẹ tọ wáyà yẹn padà sẹ́yìn títí dé ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ téépù níbẹ̀.

Tọ́pẹ́_London

Ìyá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń lo ọkọ̀ fún ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ̀rọ̀ mítà àti bọ́ọ̀bù yẹn fún mi báyìí.

Bọ̀dá Olùkọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó fẹ́ bá yín pa iná kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Níbí ní Britain, láti May 2018, ọkọ̀ epo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò láti July 2003 kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, tí iná yẹn bá ń tàn. Mo mọ àwọn tó wá ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Nígbà tí ohun tó burú gan-an bá wá ṣẹlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ń sọ epo tí kò jó sínú páìpù èéfín, kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún wọn mọ́. Catalyst, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú páìpù, á gbóná, á yọ́ nínú, owó rẹ̀ ju ti sẹ́nsọ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní catalyst ló fa kóòdù yìí, pé kí òun gé e kúrò. Àwọn irin olówó iyebíye kan wà nínú rẹ̀, platinum, palladium àti rhodium, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sáré gé e. P0135 ò kan catalyst rárá. P0420 ló ń sọ̀rọ̀ catalyst, òun náà ò sì túmọ̀ sí pé kí wọ́n gé nǹkankan.

Tí ẹ bá lè rí ELM327, ohun kékeré tó máa ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ sítíárìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth, ẹ rà á. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà l'Ámẹ́ríkà láti 1996 ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Tí hítà bá ti dára, ẹ máa rí sẹ́nsọ̀ iwájú lójú fóònù, á máa lọ sókè sódò láàárín 0.1 sí 0.9 fólítì láìsinmi. Ti ẹ̀yìn ní tirẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́, nǹkan bí 0.6 tàbí 0.7.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ṣe é. Mo jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ Àbámẹ́ta kí oòrùn tó mú ọkọ̀ gbóná. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS2 ló di tọ́ọ̀ṣì mú.

Sẹ́nsọ̀ tuntun tó wà lára ọkọ̀: 13.1 ọ́ọ̀mù. Mo wá mú sẹ́nsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ní ó ti kú: 13.4. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí ojú mi tó gbà á. Kò ṣe nǹkankan láti ọjọ́ yìí wá. ₦50,000 ni mo ti ná lórí ohun tí kò bàjẹ́.

Mo tan kọ́kọ́rọ́. Mítà ka 12.3 nínú ihò kan. Mo fi bọ́ọ̀bù bíréèkì kàn án bí Ìyá ṣe sọ. Bọ́ọ̀bù ò tàn. Ọmọ mi ní bóyá bọ́ọ̀bù ló jó, a gbé e lé orí batìrì, ó tàn yòò. A dá a padà síbi ihò, a tún fi mítà mọ́ ọn: 12.3 yẹn já wálẹ̀, kò pé fólítì kan. Mo yọ bọ́ọ̀bù, 12.3 padà. Mo kọ́ ọmọ náà ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí mo kọ́ ọ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ.

A tọ wáyà náà lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ batìrì kọjá, níbi tí eku ti jẹ ẹ́. Mo tú téépù. Ẹ̀yin ará, réwáyà tó ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́dún tó kọjá kò jó o pọ̀ rárá, ó lọ́ ọ lásán ni, omi òjò sì ti wọ abẹ́ téépù. Kọ́pà ti di àwọ̀ ewé tútù, ó ń fọ́ bí erùpẹ̀ lọ́wọ́ mi. Fọ́nrán kan tàbí méjì ló kù tó di ara wọn mú. Wáyà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì yòókù ṣì lágbára díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀.

Mo yọ orí batìrì, mo gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ kúrò títí mo fi dé kọ́pà tó ń dán, ọmọ aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe fi sóóda, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́, jó o pọ̀ pẹ̀lú wáyà tuntun, a fi rọ́bà tó ń fún pọ̀ nínú iná bò ó. Bọ́ọ̀bù tàn yòò, 11.9 pẹ̀lú bọ́ọ̀bù lórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà mo ti lọ Ìbàdàn, mo ti bọ̀. Iná ò tàn. Mo ra ELM327 tí Tọ́pẹ́ wí, sẹ́nsọ̀ iwájú ń gun ń sọ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe júwe rẹ̀.

Ìyá, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: lójú fóònù náà, ohun kan wà tó ń jẹ́ long term fuel trim. Tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, +15 ló ń kà. Tí mo bá ń sáré, +4. Ṣé ó burú, àbí mo lè gbàgbé rẹ̀?

Dérébà_Agége

Háà, Tíṣà, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Èmi ì bá ti jẹ́ kí ẹ ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo máa wo abẹ́ téépù tèmi lọ́la.

Ìyá_Réwáyà

Olùkọ́, ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ẹni tó bá lè bi ara rẹ̀ pé "bóyá bọ́ọ̀bù ló jó" ti lè di réwáyà. Àwọn wáyà méjì yòókù tó ń yí àwọ̀, tí ẹ ò bá tíì gé tiwọn, ẹ má jẹ́ kí òjò mìíràn bá wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ so wáyà pọ̀: sóóda dára fún wáyà ọkọ̀. Àmọ́ wáyà tó jáde lára sẹ́nsọ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni púpọ̀ nínú wọn, sóóda kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú àlàfo wáyà náà ni sẹ́nsọ̀ ti ń mí. Ó nílò afẹ́fẹ́ mímọ́ láti òde kó lè fi wé èéfín tó wà nínú páìpù. Tí sóóda tàbí gírísì bá dí ọ̀nà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú. Ẹnu irin kékeré tí wọ́n ń fún pọ̀ ló yẹ ibẹ̀.

Ní ti +15: ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé brain box ń fi epo kún un ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tó ṣírò lọ, nítorí sẹ́nsọ̀ ń sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Sẹ́nsọ̀ ti jí báyìí, ẹlẹ́rìí ni, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Tó bá pọ̀ sí i, P0171, kóòdù pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, lẹ máa rí, ẹlòmíràn á sì tún ní sẹ́nsọ̀ ló kú.

Pé ó pọ̀ lójú kan, tó sì dín kù tí ẹ bá ń sáré, ìyẹn ló sọ ibi tó yẹ kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé epo ni kò tó, nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn ni ì bá burú sí i. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé láti ihò kékeré, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ lójú. Nígbà tó bá ń mí gidigidi, ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan. Mo ti bá a pàdé lára irú ẹ́ńjìnnì yìí: gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín mánífóòdù afẹ́fẹ́, ike dúdú yẹn tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà, àti orí ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń gan tó bá darúgbó. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń fa afẹ́fẹ́ náà, ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, èyí tó bá ti le bí igi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ẹ fi ike tí ẹ fi ń wọ́n omi sáṣọ tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí ojú ibi tí mánífóòdù ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan ń fi kẹ́míkà ìfọkábúrétọ̀ ṣe é. Èmi ò gbà á láyè nínú ṣọ́ọ̀bù mi, torí mo ti rí bí iná ṣe bẹ́ sórí páìpù èéfín.

Ẹ tún gbọ́ ẹnu páìpù èéfín iwájú sẹ́nsọ̀. Tí èéfín bá ń jo níbẹ̀, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé, sẹ́nsọ̀ á sì jẹ́rìí afẹ́fẹ́ tí kò wá láti inú ẹ́ńjìnnì.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ìyá, ẹ̀yìn sílíńdà kẹta ni. Nígbà tí omi kan ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń dún hùn-ùn tẹ́lẹ̀ já ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi sì ń wọlé lójú mi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yọ jáde le bí ike, ó já sí méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Òun àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦11,000. Mo dúró tì í títí ó fi parí, mo sì sọ fún un pé kó má fi gọ́ọ̀mù kankan kún un.

Lánàá, lẹ́yìn Ìbàdàn lọ Ìbàdàn bọ̀: +3 lójú kan, +2 lórí eré. Táńkì ṣì ju ìdajì lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ní kí n mú ₦90,000 wá, mo fi fọ́tò kọ́pà aláwọ̀ ewé yẹn hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Mo fi ránṣẹ́.

Bọ́ọ̀bù bíréèkì kan ti wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi báyìí. Ọmọ mi ló so wáyà méjèèjì mọ́ ọn.